Ọwọ́ Ìyá Àgbà Lẹ́nu Ọmọ Ajá

Ọjọ́ tí a sin Ìyá Àgbà ní ìlú wa, Orin, ẹni tó ka ìtàn ìgbé ayé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì gbójú sókè, ó ní, "Màmá jẹ́ onísùúrù ènìyàn." Bẹ́ńṣì kejì ni mo jókòó sí láàárín àwọn ọmọ-ọmọ. Mo gbọ́ tí àwọn èèyàn ń kùn "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni" lẹ́yìn mi, mo sì yíjú padà wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Sùúrù wo? Ìyá Àgbà wo? Ṣé Ìyá Àgbà tó ti pàṣán kan bọ abẹ́ ibùsùn, tó fi òmíràn sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, kó má baà rìn jìnnà kó tó nà wá? Ẹ gbà mí o! Irọ́ ni wọ́n tẹ̀ sórí ìwé dídán yẹn, àwọn tó sì tẹ̀ ẹ́ mọ̀ pé irọ́ ni.

Èmi Bọ́sẹ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ni mo ń sọ̀rọ̀. Ìyá tó bí màmá mi kò ní sùúrù fún ọmọ, kò ní fún ọkọ, kò ní fún àlùfáà tí ìwàásù rẹ̀ bá ti gùn jù. Ohun kan ṣoṣo ló ní sùúrù fún láyé: ọmọ ajá tó ń hu eyín. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, kò sígbà tí ajá kan kò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tí yóò máa ṣọ́ oko ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ òyà, tí yóò sì máa ṣọ́ ilé. Ìyá Alájá ni àdúgbò ń pè é. Ó kú, ó fi ọmọ ajá kan sílẹ̀ tí kò tíì kọ́ tán, ẹ̀gbọ́n màmá mi ní kí wọ́n pa á, mo ní wọn ò ní pa á. Ìjà yẹn kò tíì parí. Òun ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí, torí gbogbo ẹbí ló ń bẹ̀ mí báyìí, mo sì fẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀ mí lé lórí.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣe é. Láàárọ̀, kó tó lọ oko, á jókòó lórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, á na ọwọ́ sí ọmọ ajá. Ọmọ ajá á kó ọwọ́ náà sẹ́nu, á máa rún un. Bí eyín bá ṣì ń rọra kan awọ ara, kò ní sọ nǹkan kan. Ìgbà tó bá wọ̀ ọ́ lára ló máa ké "Yéè!" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ọmọ ajá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe máa ké. Kò ní já ọwọ́ gbà, torí ohun tó bá ń sá ni ajá ń lé. Á dúró kí ajá fúnra rẹ̀ tú u sílẹ̀. Lẹ́yìn náà á kẹ́yìn sí i, á kọjú sí ògiri, á ká ọwọ́ gbera bí ìyàwó tí wọn ò ra aṣọ ọdún fún, á wá ka "Bàbá wa tí ń bẹ ní ọ̀run" láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tó bá ṣe "Àmín" tán, á yíjú padà, á tún na ọwọ́. Bí ajá bá tún gé e jẹ, ó di ògiri, ó di "Bàbá wa." Àárọ̀ mìíràn wà tó jẹ́ pé ó máa ka àdúrà yẹn ju gbogbo ìjọ lọ.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kò kàn gbá a lẹ́nu kí gbogbo wa sinmi. Ó wò mí bí ẹni tó wo dìndìnrìn. Ó ní, "Eré ló rò pé òun ń ṣe. Tó bá ti gé mi, eré parí. Kò síyà tó ju kí eré parí lọ."

Nǹkan rírún tún ní òfin tirẹ̀. Bàtà kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ nínú ilé yẹn. Á fún omi ewúro, á fi pa ẹsẹ̀ àga àti etí ẹní, tó fi jẹ́ pé bí a bá jókòó jẹun ọwọ́ wa náà á korò. Á wá fún ajá ní ohun tirẹ̀: eegun ẹsẹ̀ màlúù, okùn tó ta ní kókó, àkísà tútù tó lọ́ pọ̀ kí erìgì rẹ̀ lè tù ú. Túnjí, ọmọ àbúrò màmá mi, fẹ́ ṣe dáadáa lọ́jọ́ kan, ó ju sílípáàsì tó ti já sí ọmọ ajá pé kó máa fi ṣeré. Ìyá Àgbà gbà á lẹ́nu ajá, ó fi gbá Túnjí lórí. Ó ní, "Ṣé ajá mọ bàtà tó gbó yàtọ̀ sí tuntun ni? Bó o bá kọ́ ọ ní ọ̀kan, o ti kọ́ ọ ní gbogbo rẹ̀."

Ẹ kíyè sí i: ajá rún bàtà, Túnjí ni wọ́n gbá lórí. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn.

Mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí èmi àti Túnjí yìí jà nítorí orí ẹja. Ó ti kó o sẹ́nu tán kí n tó dé ibẹ̀, ni mo bá gé e jẹ ní apá, ẹ̀jẹ̀ sì yọ. Ìyá Àgbà kò bèèrè ẹni tó jẹ̀bi. Pàṣán ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló mú, mẹ́fà ló fún mi, mo sì ka gbogbo rẹ̀. Ọmọ ajá wà níbẹ̀ tó ń wò mí, èyí tó ti gé ìyá náà jẹ lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo fi ẹkún bi í pé kí ló dé tí ajá ń gé èèyàn jẹ tí kò jẹ pàṣán. Kò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Ajá ò gbédè," ló wí. "Ìwọ gbédè."

Mo ti di nọ́ọ̀sì, mo ti wà nílé ọkọ, mo ti bímọ, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí nínú eegun. Ìsọkúsọ ni. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí wọ́n gba orí ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbédè kankan lásìkò yẹn, ẹkún nìkan ló gbọ́. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, à á fi tòsì fà á mọ́ra. Mo jẹ tọ̀tún Ìyá Àgbà yó. Tòsì, ẹnu ajá ló máa ń wà.

Ó tún ní àṣà kan tó ń mú un bá àdúgbò jà láìla ẹnu. Orúkọ tó bá sọ ajá, ẹnìkan ló ń bá wí. Nígbà tí ìyàwó kan ní ojúde wa ra ẹ̀rọ amúlétutù tó sì ń fi yangàn kiri, ajá tó dé lọ́sẹ̀ yẹn di Ṣebótimọ, láàárọ̀ lálẹ́ ló sì ń pè é. Èyí tó fi sílẹ̀ yìí ló wá burú jù. Ẹ̀gbọ́n màmá mi, àkọ́bí rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì Adó, kò wálé fún ọdún mẹ́rin gbáko. Kérésìmesì dé, ó ní iṣẹ́ pọ̀. Àjíǹde dé, ó ní ọ̀nà kò dára. Bẹ́ẹ̀, láti Adó sí Orin, kí ni jíjìn rẹ̀? Ìyá Àgbà sọ ọmọ ajá ní Wọnòwá. Tí oòrùn bá ti ń wọ̀, á jáde sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àwo oúnjẹ, á figbe ta: "Wọnòwá! Wọnòwá o!" Gbogbo ojúde ló ń gbọ́, wọ́n á sì máa fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dé Adó. Dádì tẹ̀ ẹ́ láago pé kó yí orúkọ ajá padà, pé ó ń dójú ti òun. Èmi ni mo gbé fóònù sí i létí, mo sì gbọ́ èsì rẹ̀. Ó ní, "Ọjọ́ tó o bá dé ulé, n ó yí i padà."

Ẹni tó kàn nínú ọ̀rọ̀ yìí ni Bàbá Ògúnlékè, tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa. Ògún ni wọ́n ń bọ nínú ilé wọn láti ìran dé ìran, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ajá ni Ògún ń jẹ. Òfin kan wà ní àdúgbò wa tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀: ajá tó bá gé ọmọ èèyàn jẹ, ilé Bàbá Ògúnlékè ni wọ́n á fà á lọ de ọjọ́ ọdún. Ìyá Àgbà kì í pa ìsìn Sọ́ńdè jẹ, síbẹ̀ kò bá Ògún ṣọ̀tá. Ohun tó sọ ni pé ajá tòun kò ní dé ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí "Bàbá wa" àràárọ̀ yẹn kì í fi í ṣe eré. Bí ọdún Ògún bá ti ń súnmọ́, Bàbá á yọjú láti ẹ̀gbẹ́ ọgbà, á ní, "Ìyá Alájá, ṣé èyí náà ò tíì gé ẹnikẹ́ni?" Ìyá Àgbà á ní kó wá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu fúnra rẹ̀. Bàbá á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ajá á sì mú un jẹ́jẹ́ bí ẹni mú ẹyin. Bàbá á wá rẹ́rìn-ín, á mi orí. "Ulé rẹ ni Ògún ti ń gbààwẹ̀," bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan wà. Ọdún tí Bàbá Àgbà, ọkọ rẹ̀, kú ni, mo ti tó ọmọ ọdún méjìlá. Ṣebótimọ ṣì kéré. Ìyá Àgbà sá fìlà olóògbé sóòrùn, ọmọ ajá fà á lulẹ̀, ó sì rún un kúná. Ojú mi ló ṣe. Ìyá Àgbà jáde, ó rí fìlà. Igi ìdáná ló fà yọ, ó sì lu ajá náà títí ó fi wọ abẹ́ àká àgbàdo tí kò lè jáde mọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá gbé ọwọ́ sókè, ì báà ṣe pé ó fẹ́ kíni, ajá yẹn á ti yọ eyín. Ìyá Àgbà gbìyànjú, ó ka àdúrà títí, kò bọ́ sí i. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọmọ aládùúgbò kan gbé ọwọ́ láti já gúáfà, ajá sì gé e jẹ ní àtẹ́lẹwọ́. Nígbà tí àwọn ará àdúgbò fi máa kóra jọ wá bínú, Ìyá Àgbà ti so okùn mọ́ ajá lọ́rùn. Kò jẹ́ kí ọkùnrin kankan bá a fà á. Òun fúnra rẹ̀ ló mú un dé ilé Bàbá Ògúnlékè, ó fi okùn lé e lọ́wọ́, ó sì padà wá jókòó sórí àpótí rẹ̀. Màmá mi ń pẹ̀tù sí i, pé ajá burúkú ni, pé kó gbàgbé. Ó ní, "Èmi ni mo kọ́kọ́ gé e jẹ, kó tó gé ọmọ yẹn jẹ."

Kò gbé ọwọ́ sókè sí ajá mọ́ títí ó fi kú. Àwa ńkọ́? Àwa ṣì ń jẹ pàṣán. Obìnrin tó lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn nípa ajá kò bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan kó sọ ọ́ nípa ọmọ. Bí mo bá rántí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ mi á gbóná.

Èyí tó bí mi nínú jù ni mo fẹ́ sọ báyìí. Ọ̀sẹ̀ méjì kó tó kú, mo ti Ìkọ̀lé, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, wá kí i. Ó ti rù. Ó ń gbé ọwọ́ lé àyà bó bá ń dìde. Mo bi í, "Màmá, ṣé àyà ń dùn yín?" Ó ní iṣu tó jẹ ni. Ó ní kí n jókòó sórí àpótí, kí n na ọwọ́ sí Wọnòwá. Odidi ọjọ́ kan ló fi ń kọ́ mi: bí wọ́n ṣe ń ké, bí wọ́n ṣe ń kẹ́yìn, ìgbà tí wọ́n ń yíjú padà. Mo rò pé eré ni. Nọ́ọ̀sì ni mí o! Àwọn àjèjì ń gbé àyà wọn tọ̀ mí wá. Ìyá mi àgbà jókòó níwájú mi, ó mọ̀ pé òun ń lọ, ó fi mí ṣe arọ́pò lọ́dọ̀ ajá, kò sì sọ fún mi. Ohun tó sọ kẹ́yìn fún mi ni, "Ọwọ́ rẹ yá jù, Bọ́sẹ̀. Jẹ́ kó falẹ̀."

Dádì Adó wálé. Ó dé fún òkú ìyá rẹ̀, pẹ̀lú bàtà funfun tuntun. Ó jókòó sábẹ́ àtíbàbà, Wọnòwá rí okùn bàtà, kó máa rún un ló kù. Dádì ta á nípàá, ó lọ lu ògiri. Ajá náà padà wá, ó gé e jẹ lọ́rùn ẹsẹ̀. Èmi ni mo fọ ojú ọgbẹ́, mo sì sọ fún un pé a ti gún ajá náà lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi ní Ìdó, pé kó fọkàn balẹ̀. Kò gbọ́ mi. Ó ní kí wọ́n gbé e fún Bàbá Ògúnlékè kíákíá. Ṣíọ̀! Ẹni tó ní òun ti di àtúnbí, tí kì í kí Bàbá Ògúnlékè lójú ọ̀nà nítorí ọrẹ òrìṣà, ló wá rí iṣẹ́ fún Ògún. Mo kúnlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní ogójì ọjọ́, títí di ọjọ́ àdúrà. Ó gbà, ó ní òun máa gbé ọwọ́ sókè sí i lọ́jọ́ náà: tó bá yọ eyín, ó di ti Ògún, bí kò bá yọ ọ́, kí n máa mú un lọ. Àǹtí Fúnkẹ́, àbíkẹ́yìn Ìyá Àgbà, ni ẹlẹ́rìí wa.

Mo gbé e lọ sí Ìkọ̀lé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó rọrùn. Ajá tí wọ́n ti ta nípàá kò fẹ́ rí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀. Ó gé mi jẹ ní ọwọ́ méjèèjì. Ó rún bàtà iṣẹ́ mi, ó rún ìwé ọmọ mi. Lọ́jọ́ kan mo gbé ìgbálẹ̀ sókè, ó sì dùbúlẹ̀, ó di ojú, ó ń dúró de ohun tó ń bọ̀. Mo ju ìgbálẹ̀ sí ìta. Láti ọjọ́ yẹn, n kò gbé ọwọ́ sókè láìsí pọ̀nmọ́ gbígbẹ nínú rẹ̀. Màá gbé e díẹ̀díẹ̀, màá jẹ́ kí pọ̀nmọ́ bọ́ sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wọ ilé mi, mo ń fún un ní pọ̀nmọ́ lẹ́nu ọ̀nà pé kó gbé ọwọ́ sókè kó tó jókòó. Àwọn ará iṣẹ́ mi ní orí mi ti dàrú.

Ogójì ọjọ́ pé. Àdúrà parí, gbogbo wa jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Dádì Adó gbé ọwọ́ sókè, kì í ṣe díẹ̀díẹ̀ o, bí ẹni tó fẹ́ gbá ọmọ létí. Wọnòwá wólẹ̀. Ó tọ̀ sílẹ̀, ó ń gbọ̀n, etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí. Kò yọ eyín. Ó wá gbójú sókè wo ọwọ́ náà, ó ń retí. Dádì sọ ọwọ́ kalẹ̀ sí i lẹ́nu, ajá mú un jẹ́jẹ́, ó sì tú u sílẹ̀. Àǹtí Fúnkẹ́ pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ó parí!"

"Kò parí," ni Dádì wí. "Ó ń ṣe ojú ayé ni. Ẹ lọ pe Bàbá."

Bàbá Ògúnlékè dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó wo ajá, ó wo ilẹ̀ tó tutù, ó ki ọwọ́ tirẹ̀ bọ ẹnu ajá, ó yọ ọ́. "Káyọ̀dé," ló pe Dádì lórúkọ, "kí ni ajá yìí ṣe?"

"Bàbá, ó gé mi jẹ. Ẹ̀yin náà lẹ ní ajá tó bá géni jẹ, ti Ògún ni."

"Èyí tó géni jẹ láìnídìí là ń sọ. Èyí tó o ta nípàá, tó gbèjà ara rẹ̀, Ògún ò bá a lẹ́jọ́. Ìbínú lo fẹ́ kí n bá ọ pa. Gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ."

Dádì yíjú sí èmi. Ó ní kí n gbé ajá mi, kí n sì má padà fi ẹsẹ̀ tẹ ilé bàbá òun mọ́. Mo ti gbé ajá tán, mo ti kọjú sọ́nà, ẹnu mi ni kò gbà. Mo ní, "Dádì, ọdún mẹ́rin lẹ ò wálé, ẹnu ọ̀nà yẹn ni Màmá ń dúró sí tó ń pè yín. Gbogbo Orin gbọ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ dití." Àǹtí Fúnkẹ́ pariwo, "Bọ́sẹ̀, ẹnu rẹ!" Dádì jókòó sórí àpótí ìyá rẹ̀, ó gbé orí sórí orúnkún, mo sì rí i pé ẹkún ló ń sun. Mi ò pẹ̀tù sí i. Ọ̀kadà ni mo gùn, mo lọ.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń tẹ̀ mí láago. Àgbà ni, lọ dọ̀bálẹ̀, kúnlẹ̀, ṣe sùúrù. Ẹ dákun, ẹ má pè mí mọ́. Èmi náà mọ̀ pé àgbà ni. Ilé tí mo gbé dàgbà ni wọ́n tì mọ́ mi, ibojì ìyá mi àgbà sì wà nínú ọgbà rẹ̀, ìdí tí mo fi ń kọ ohun tó yẹ kí n lọ sọ lórí rẹ̀ sínú ìwé nìyí.

Àwọn èèyàn máa ń ní kí òkú sùn re. Màmá, mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, inú ṣì ń bí mi. Ajá tí ẹ ní kí n tọ́jú wà láàyè, kò sì gé ẹnikẹ́ni jẹ mọ́. Ẹ̀yin náà, ká ní ẹ sọ fún mi ni, ǹ bá tọ́jú yín.